Alimotu Pẹlẹwura, Ìyá Ọlọ́jà Èkó

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹni tí a fẹ́ rántí nínú ìwé ọdún yìí kì í ṣe àjèjì sọ́jà. Ẹja ni ìyá rẹ̀ tà, ẹja lòun náà tà ní Eréko, l'Ékòó. Kò kàwé. Síbẹ̀ Ọba Èṣùgbàyí Eléko fi í joyè ní 1910, nígbà tó yá ó di olórí ọjà Eréko àti ti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó.

Nígbà tí gọ́ọ̀mẹ́ǹtì fẹ́ kó ọjà Eréko lọ sí Olúwọlé, ó kọ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ariwo tí ìlú pa ló jẹ́ kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ní 1940, wọ́n ní kí obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ́dún máa san owó orí. Òun ló ṣáájú àwọn obìnrin lọ bá wọn, ni wọ́n bá sún un dé £200.

Èyí tó le jù ni ti ìgbà ogun Hitler. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen fi iye lé gàrí, iye tí ọlọ́jà ò lè fi rí èrè kankan. Wọ́n fi £100 lóṣù lọ Pẹlẹwura pé kó bá wọn mú àwọn obìnrin rọ̀, ó lóun ò gbà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ o: ṣílè méjì ààbọ̀ lójúmọ́ ni lébìrà ìjọba ń bèèrè nígbà yẹn, wọn ò sì tíì fún un!

Ọ̀wọ́n oúnjẹ yìí kan náà ló mú kí òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti pósọ́ọ̀fíìsì àti àwọn mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀ lóru ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1945. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àhámọ́ dé ni. Ọ̀rọ̀ náà ì bá dìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọlọ́jà, torí ẹni tí gàrí wọ́n fún, iyalọ́jà ló kọ́kọ́ máa ń bú. Pẹlẹwura ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ọba ló ń wọ ọjà. Àwa tí orúkọ tíṣà àti akọ̀wé kún inú ìwé àwìn wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn obìnrin dáwó sí àpò ìrànwọ́ àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò sì sọ oúnjẹ dọ̀wọ́n lé wọn lórí. Ó lé lóṣù kan kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ní kí wọ́n fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ wọn. Ọdún 1945 yẹn náà ni òfin Pullen kásẹ̀ nílẹ̀.

Ó kú ní 1951. Nǹkan bí 25,000 èèyàn ló sìn ín dé ibojì.