Obadiah Johnson, dókítà tó tún ìtàn Yorùbá kọ

Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà gbọ́dọ̀ gbàgbé ìtàn, ẹ wo Obadiah Johnson. Sàró ni wọ́n bí i sí, ó gbé Ìbàdàn tó wà nítòsí wa níbí. Ó ka Fourah Bay, kó tó lọ kọ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù àti Edinburgh. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Samuel Johnson tó jẹ́ pásítọ̀, parí ìwé ìtàn Yorùbá lọ́dún 1897. Ìwé yẹn sọ nù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ nílùú Òyìnbó, ẹ̀gbọ́n sì kú lọ́dún 1901. Dókítà wá kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, ó tún gbogbo ẹ̀ kọ. Iṣẹ́ ńlá! Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde. Dókítà ò rí i, ó ti kú lọ́dún 1920.