Ìtàn John Henry Smythe, Atọ́nà Ọkọ̀ Ogun Òfúrufú

Nínú ìwé ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ó tọ́ kí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọkùnrin kan tí kò gbé àárín wa rí, ṣùgbọ́n tí ìtàn rẹ̀ kàn wá. Ó wọ́pọ̀ fún wa kí ọkọ̀ òfúrufú kọjá lókè ilé Ọlọ́run, kí ẹni tí ń ka ẹ̀kọ́ sì dúró díẹ̀ títí ariwo rẹ̀ yóò fi kọjá. Àwọn ọmọ wa rò pé nítorí òwò ni a ṣe la pápá ọkọ̀ òfúrufú Ìkẹjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun Hitler ni a là á, nígbà tí oko obì àti ti kòkó ṣì wà káàkiri ilẹ̀ Agége, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò tí ì dé. Láti ọdún 1940 ni a ti ń to ọkọ̀ ogun pọ̀ ní Takoradi, tí wọ́n sì ń gba Èkó, Kánò àti Maiduguri lọ sí Khartoum, títí dé Káírò. Ó yẹ kí a bèèrè bí ọmọ Áfíríkà kankan bá wà nínú àwọn tí ó fò lọ jagun náà. Wọ́n wà, Smythe sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní ọdún 1915 ni a bí i ní Firítáùn, ní ilẹ̀ Sàró, láàrín àwọn ènìyàn tí a ń pè ní Kírìó. Àjèjì kọ́ ni ìlú náà jẹ́ fún wa. Ibẹ̀ ni a mú Samuel Àjàyí Crowther dé ní ọdún 1822, lẹ́yìn tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Láti ibẹ̀ ni àwọn Sàró sì ti gbé ìhìnrere wá sí Bàdágìrì, Abẹ́òkúta àti Èkó.

Kí ogun tó dé, òfin kò gba ènìyàn dúdú láàyè láti jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ogun òfúrufú ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní October 1939 ni a mú òfin náà kúrò, nítorí ogun ti ń fẹ́ ènìyàn. Smythe fi ara rẹ̀ sílẹ̀, ó rékọjá òkun, ó kọ́ iṣẹ́ atọ́nà, ó sì di ọ̀gá ológun.

Kí òǹkàwé lè mọ ìwọ̀n iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀. Ènìyàn méje ni ó ń wà nínú ọkọ̀ Stirling tí ó bá wọn lọ. Awakọ̀ kì í rí ọ̀nà lóru. Atọ́nà ni ó jókòó ti àwòrán ilẹ̀, pẹ̀lú aago àti iná kékeré, tí ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ti ń ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí ó sì ń sọ ibi tí wọn yóò yà sí. Bí ó bá ṣi ìṣírò náà, ẹ̀mí gbogbo wọn wà nínú ewu. Nínú àwọn bí 125,000 tí ó fò nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, 55,573 ni ó kú. Ìrìn-àjò ọgbọ̀n ni a sì máa ń kà fún ẹnì kan kí ó tó sinmi.

Smythe ti súnmọ́ ọgbọ̀n náà nígbà tí ó di òru ọjọ́ 18 November 1943. Ìbọn ilẹ̀ àti ọkọ̀ ọ̀tá ba ọkọ̀ wọn jẹ́ lókè Jámánì, òun náà sì fara gbọgbẹ́ ní ikùn. Ó fò jáde pẹ̀lú agboorùn ìfòsílẹ̀, ó sá pamọ́ sínú abà kan, níbẹ̀ ni àwọn sójà Jámánì sì ti mú un. Ẹnu yà wọ́n láti rí ọ̀gá ológun tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú. Wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí a ń pè ní Stalag Luft I, ní Barth, lẹ́bàá Òkun Baltic. Níbẹ̀ ni ó wà pẹ̀lú àwọn tí ń ran ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ láti sá. Òun fúnra rẹ̀ kò lè sá, nítorí níbo ni ọkùnrin dúdú, tí ó sì ga fíofío, yóò fara pamọ́ sí ní ilẹ̀ náà? Iṣẹ́ tí kò lè ṣe é ní àǹfààní ni ó ṣe fún ẹlòmíràn. Ní May 1945 ni àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà dá wọn sílẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ni ó sìn. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà, gba àmì-ẹ̀yẹ DFC nínú iṣẹ́ yìí kan náà. Peter Thomas, ọmọ Èkó, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ní 1945.

Àwa kò kọ èyí láti gbé ogun ga. Bọ́ǹbù tí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gbé lọ pa ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọdé ní Jámánì, ìtàn tí ó bá sì dákẹ́ lórí rẹ̀ kò pé. Síbẹ̀ a mọ irú ìjọba tí wọ́n dojú kọ, tí ó ka àwọn Júù àti àwa ènìyàn dúdú sí ẹni tí kò yẹ láti wà láàyè tàbí láti jẹ́ òmìnira. Ìdájọ́ jẹ́ ti Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ Smythe ni láti bójú tó àwọn ọmọ ogun dúdú, ó sì bá wọn rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ológun. Ní 1948 òun ni ọ̀gá tí a fi ṣe olórí àwọn tí ń padà sí erékùṣù Karibéánì nínú ọkọ̀ Windrush. Ó kọ́ òfin, ó padà sí Firítáùn, ó di Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba Sàró, ó sì gba oyè OBE.

Òun a máa sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé, ní ibi àpèjẹ kan ní Firítáùn, òun àti aṣojú ìjọba Jámánì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ogun. Bí wọ́n ti ń fi ọjọ́ àti ibi wéra, ó hàn sí wọn pé ọkùnrin náà ni ó já ọkọ̀ wọn lulẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Wọ́n dì mọ́ ara wọn. Nínú gbogbo iṣẹ́ Smythe, èyí ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa di mú jùlọ, nítorí kò sí òfin ológun kan tí ó pa á láṣẹ fún un.

Ó sùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1996. Ní ọjọ́ 15 January ọdọọdún, nígbà tí Nàìjíríà ń rántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀, tí a bá sì gbọ́ ariwo ọkọ̀ lókè ilé ìsìn wa, ẹ jẹ́ kí a rántí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti àwọn tí wọ́n bá jà pẹ̀lú. Kí Olúwa kí ó fún gbogbo wọn ní ìsinmi, kí ó sì fún wa ní àlàáfíà ní ọjọ́ wa. Àmín.