ÌTÀN LEO FROBENIUS, ALÁKÓJỌ OHUN ÀJÈJÌ

Nínú àwọn àlejò òyìnbó tí ó ti gba Ìbàdàn kọjá lọ sí Ilé-Ifẹ̀, ó ṣòro láti rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú àríyànjiyàn wá tó ti Leo Frobenius, ará Jámánì. Àwọn kan ń yìn ín bí ọ̀rẹ́ àwọn ènìyàn dúdú. Àwọn mìíràn ń kà á sí ẹni tí ó wá kó wa ní ẹrù. A ó sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí, kí ẹ̀yin òǹkàwé wa lè ṣe ìdájọ́ fúnra yín.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1873 ni a bí i ní ìlú Berlin. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ni bàbá rẹ̀. Bàbá ìyá rẹ̀, Heinrich Bodinus, sì ni alákòóso ọgbà ẹranko Berlin láti ọdún 1869 títí ó fi kú ní 1884. Ní ayé ìgbà náà, àwọn oníṣòwò bí Carl Hagenbeck ti Hamburg a máa kó kìnnìún, erin àti àgùnfọn láti Áfíríkà lọ tà fún irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdẹ a máa pa ìyá ẹranko kí wọ́n tó lè rí ọmọ rẹ̀ gbé, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà a sì máa kú lójú ọ̀nà. Ní àwọn ọdún 1870 kan náà ni Hagenbeck bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ òkèèrè wá fún ìran wíwò. Nínú irú ayé báyìí ni Frobenius ti dàgbà, níbi tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì pé kí a fa ohun tu ní ilẹ̀ rẹ̀, kí a sì gbé e kalẹ̀ fún àlejò láti wò.

Frobenius kò gba oyè kankan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó ń kàwé, ó sì ń kọ̀wé. Ní 1904 ni ó kọ́kọ́ lọ sí Áfíríkà, sí ilẹ̀ Kóńgò, ibẹ̀ ni ó sì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ọnà. Ó yẹ kí a fi ọkàn sí èyí: láti inú ohun tí ó bá kó fún àwọn ilé àkójọ ni púpọ̀ nínú owó ìrìnàjò rẹ̀ ti ń wá. Bí ó bá padà lọ́wọ́ òfo, ìrìnàjò mìíràn lè má sí mọ́.

Ní 1910 ni ó gúnlẹ̀ sí Èkó, ó sì gòkè wá sí Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti dé láti 1901. Carl Arriens, ayàwòrán, wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ra ère igi àti ọpọ́n Ifá, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjá sí Ifẹ̀. Nínú igbó Olókun níbẹ̀ ni wọ́n ti rí orí idẹ kan tí ó dé adé, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá, tí a máa ń bò mọ́lẹ̀, tí a sì ń hú jáde ní àkókò ìbọ. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé, pọ́ùn 6 àti ìgò ọtí wisikí kan ni ó fi ná an.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọọ̀ni, ìlú sì kọ̀. Wọ́n fi ẹjọ́ sun Charles Partridge, ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó wádìí, ó sì pàṣẹ pé kí a dá orí Olókun padà. Inú bí Frobenius gidigidi, nítorí lójú tirẹ̀, ó ti sanwó. Ṣùgbọ́n àwọn orí amọ̀ sísun mélòó kan bá a lọ sí Berlin.

Níbí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú, ṣé ẹnì kan lè tà á? Ẹni tí ó tà á jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Owó sísan nìkan kò sọ ọjà di ọjà rere. Ẹni tí ó tà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti tà, ẹni tí ó sì rà gbọ́dọ̀ wádìí.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a ṣe ojúsàájú. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ń sọ pé a kò ní ìtàn, Frobenius kọ̀wé pé ọ̀làjú ti wà ní Áfíríkà láti ayébáyé. Nítorí èyí ni Léopold Senghor, ẹni tí ó di ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà, ṣe bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó ṣe àṣìṣe ńlá: kò gbà pé àwọn baba Yorùbá ni ó dá iṣẹ́ Ifẹ̀, ó ní àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn àwọn Gíríkì, ni. Ó kú ní ilẹ̀ Ítálì ní oṣù kẹjọ ọdún 1938. Ní ọdún náà gan-an ni àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ hú ọ̀pọ̀ orí idẹ mìíràn jáde, tí ó túbọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ onílẹ̀ ni.

Ní 1949 àwọn onímọ̀ sọ pé ẹ̀dà lásán ni orí Olókun tí ó wà ní Ifẹ̀. Ní 2010 a tún un yẹ̀ wò ní Lọ́ńdọ̀nù, èrò sì yí padà pé ó lè jẹ́ ojúlówó. Ní 2022, ìjọba Jámánì fọwọ́ sí ìwé láti dá àwọn ohun ọnà Benin padà fún Nàìjíríà, wọ́n sì kó 20 nínú wọn wá ní oṣù Kejìlá.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ń múra láti di olùkọ́, ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó kọjú sí Agbowó, ọgbà ẹranko kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 fún ẹ̀kọ́. Bí a bá mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, tàbí sí ilé àkójọ kankan, ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn láti béèrè ju orúkọ ohun tí wọ́n rí lọ. Kí wọ́n béèrè ibi tí ó ti wá, ẹni tí ó mú un, àti bóyá ẹni tí ó ni ín fi ọwọ́ sí i.