Múdà Láwàl, Mẹkáníìkì Tí Ó Di Agbábọ́ọ̀lù

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, n'Ìbàdàn, tí ẹ dárúkọ Múdà Láwàl létí àwọn àgbà tí wọ́n jókòó síwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe retí pé ẹ óò tètè kúrò níbẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n a kò ka ìyẹn sí. Ẹgbẹ́ Shooting Stars, tí àwa ń pè ní Sùútìn (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín), ti sọ ọ́ di tiwa.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1954 ni wọ́n bí Mudashiru Babátúndé Láwàl. Ìgbà èwe rẹ̀ kò rọrùn. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe kí ó tó wọ Shooting Stars ní 1975, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi mú un sínú Green Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà.

Ọmọ ọdún 10 ni mí ní 1976. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dún náà, inú bàbá wa kò sì dùn sí i rárá. Lójú tiwọn, ẹni tí ìwé kò bá yé ni í lọ kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí àlejò bá wà nílé, ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbà wọlé nítorí aṣọ rẹ̀ tí ó kún fún epo.

Ọdún náà gan-an ni Shooting Stars wọ ìdíje àwọn tí ó gba ife ẹ̀yẹ ní orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Zamalek fi ayò 2 sí òdo nà wọ́n ní Íjíbítì. Nígbà tí Zamalek wá sọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ wa san án padà, 2 sí òdo, wọ́n sì fi pẹnárítì lé wọn lọ. Ó wá ku Tonnerre ti Yaoundé, tí ó gba ife náà ní 1975, tí Roger Milla sì wà nínú wọn. A nà wọ́n ní 4 sí 1 nílé. Wọ́n nà wá ní ẹyọ kan ní ilé tiwọn. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan tí ó gba ife Áfíríkà rí kí ó tó di ìgbà náà.

Rédíò bàbá wa ni gbogbo agbo ilé fi gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó wá gbọ́ rédíò ni ó sọ fún wọn pé mẹkáníìkì ni Múdà tẹ́lẹ̀. Bàbá wa kò fèsì. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní kí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi wá láti ẹ̀yìnkùlé kí ó wá jókòó ti àwọn, pẹ̀lú epo lára.

Àárín pápá ni Múdà ń gbá. Lẹ́yìn ìgbà náà a máa ń fẹsẹ̀ rìn gba Mólété lọ wò ó ní Liberty Stadium, tí a sọ lórúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni ariwo máa ń pọ̀ lé lórí, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kì í wo Ọdẹ́gbàmí. Ẹni tí ó ń já bọ́ọ̀lù gbà, tí ó ń sáré láti ilé wa dé ilé wọn láìsinmi, ni ó ń wò. Ó ní ẹ́ńjìnnì mọ́tò kì í hàn síta.

Ìdíje ife orílẹ̀-èdè Áfíríkà 5 ni Múdà gbá léra léra. Nàìjíríà ṣe ipò kẹta ní 1976 àti 1978. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní Sùúrùlérè, lójú Ààrẹ Shehu Shagari, a na Algeria ní 3 sí òdo: Ọdẹ́gbàmí jẹ 2, Múdà jẹ ẹ̀kẹta. Ti 1982 kò dára. Ní 1984, òun ni ó kọ́kọ́ jẹ ayò nínú àṣekágbá l'Ábíjàn, ṣùgbọ́n Cameroon jẹ 3 lé e lórí. Lẹ́yìn náà ó bá Abiola Babes gbá ní Abẹ́òkúta, ìlú rẹ̀.

Ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1991 ni ó kú, lẹ́ni ọdún 37. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Mólété nígbà náà. Nígbà tí ó gbọ́, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa lọ sílé, oòrùn kò sì tíì wọ̀.