Joseph Fourier: Ọmọ Aránṣọ Tí Ó Wádìí Ooru Ayé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, ǹjẹ́ ẹ ti rò ó rí pé oòrùn ń da ooru sórí ilẹ̀ lójoojúmọ́, síbẹ̀ ayé kò jóná? Òru sì ń ṣú, síbẹ̀ a kì í di yìnyín kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ ìṣirò wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni Joseph Fourier, ará ilẹ̀ Faransé.

Ìbí rẹ̀ àti èwe rẹ̀

Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1768 ni a bí i ní ìlú Auxerre. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó di ọdún kejì, bàbá rẹ̀ náà kú. Báyìí ni ó ṣe di ọmọ òrukàn. Àwọn tí wọ́n rí òye rẹ̀ ni wọ́n bá a wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ ológun tí ó wà ní ìlú náà. Wọ́n ní ó máa ń ṣa àjókù àbẹ́là jọ kí ó lè rí iná fi kọ́ ìṣirò lóru. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.

Ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á nítorí pé kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá. Ó wá di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde. Ní ọdún 1794, nígbà rògbòdìyàn tí ó gba ìjọba lọ́wọ́ ọba, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n mú nígbà náà ni wọ́n bẹ́ lórí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ìjọba ṣubú ní oṣù keje ọdún náà, Fourier sì gba ìtúsílẹ̀.

Ìrìn-àjò rẹ̀ sí Íjíbítì

Ní ọdún 1798, Napoleon kó ogun lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì mú àwọn ọ̀mọ̀wé dání. Fourier ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Káírò. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìlú onílùú ni wọ́n gbógun wọ̀; àwọn ará Káírò dìde sí wọn ní ọdún náà, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Ní ọdún 1801, àwọn Faransé kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ó padà dé, wọ́n fi í ṣe olórí ìjọba ẹkùn Isère, ó sì ń gbé ní Grenoble. Láti Íjíbítì ni ooru ti mọ́ ọn lára, tí ó fi jẹ́ pé aṣọ nínípọn ni ó ń wọ̀, ó sì ń dáná sí yàrá rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń làágùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí ooru

Láàárín iṣẹ́ ìjọba yìí ni ó wádìí bí ooru ṣe ń gba inú nǹkan kọjá. Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Paris ní ọdún 1807, ṣùgbọ́n Lagrange, àgbà nínú onímọ̀ ìṣirò, kò fara mọ́ ọn. Ó tún un kọ ní 1811, ó gba ẹ̀bùn, síbẹ̀ wọ́n ṣì rí àléébù sí i. Ọdún 1822 ni ó tó di ìwé. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko ni ó fi dúró!

Ní 1824, ó yí ojú sí ayé fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi wé àgbá omi tí ó ní ihò lábẹ́. Bí a ti ń da omi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jò. Ibi tí èyí tí ń wọlé bá ti bá èyí tí ń jáde dọ́gba ni omi yóò dúró sí. Ilẹ̀ náà ń dá ooru tí ojú kò rí padà sókè. Fourier rí i pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń tètè gba inú afẹ́fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ooru ilẹ̀ kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Ihò àgbá náà kéré, nítorí náà omi ga.

Kò mọ ohun tí ń dá ooru dúró nínú afẹ́fẹ́. John Tyndall ni ó wọ̀n ọ́n láti 1859, ó sì rí i pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ àti gáàsì carbon dioxide wà lára wọn. Ìdí nìyí tí òru ọyẹ́ fi ń tutù: afẹ́fẹ́ gbẹ, ojú ọ̀run sì mọ́, ooru ilẹ̀ sì ń sá lọ.

Lónìí a mọ̀ pé ìpele ni òfuurufú. Ìpele ìsàlẹ̀, tí òjò ti ń rọ̀, ga tó kìlómítà 16 ní agbègbè wa. Bí a ti ń gòkè nínú rẹ̀ ni ó ń tutù. Èyí tí ó tẹ̀ lé e dé nǹkan bí kìlómítà 50, ozone inú rẹ̀ sì ń gba ooru oòrùn, nítorí náà bí a ti ń gòkè níbẹ̀ ni ó ń gbóná. Bí kò bá sí ohun tí ń dá ooru dúró, ìwọ̀n ooru ayé ìbá jẹ́ nǹkan bí dígírì 18 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 15 sókè ni ó wà. Èéfín ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti gáàsì tí a ń sun níbi epo rọ̀bì ń dín ihò àgbá náà kù, omi sì ń ga sí i.

Ikú rẹ̀

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1830, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó sì kú ní ọjọ́ 16 oṣù náà ní Paris, ní ẹni ọdún 62. Kò fẹ́ ìyàwó rí.

Ẹ̀yin ọmọ wa, òrukàn ni, wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Kò tìtorí rẹ̀ fi ìwé sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ òrukàn tí ó wà ládùúgbò yín. Àwọn tí wọ́n fi ọmọ aránṣọ yìí sí ilé ẹ̀kọ́ kò mọ̀ pé gbogbo ayé ni yóò jẹ nínú èrè rẹ̀.