Dókítà Oluwole àti Àrùn Eku

Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ King's College ní Èkó ní ọdún 1909 ni Isaac Ladipo Oluwole wà. CMS Grammar School ni ó ti wá, Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Oluwole sì ni baba rẹ̀. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé tuntun náà. Ní 1913 ó lọ sí Yunifásítì Glasgow, ó gba oyè ìṣègùn ní 1918, ó padà wálé, ó sì ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ó tún lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìlera ìlú.

Ní 1924, àrùn tí a ń pè ní plague bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kòkòrò kékeré tí ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku ni í gbé e dé ara ènìyàn: ibà líle, kókó wíwú ní abẹ́ itan tàbí ní abíyá, ikú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò sí oògùn apakòkòrò kankan nígbà náà. 1943 ni wọ́n tó rí streptomycin ní Amẹ́ríkà. Kí wá ni dókítà lè ṣe nígbà tí kò ní ohun tí yóò fún aláìsàn?

Eku ni wọ́n dojú kọ. Oluwole, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe igbákejì dókítà ìlera ìlú Èkó, tún ètò àyẹ̀wò ní èbúté ṣe, ó sì mú iṣẹ́ àwọn wolé-wolé gún régé. Ẹ̀yin òbí tí ẹ rántí bí a ti ń sáré bo àmù omi bí wọ́n bá ti yọ ní ìkóríta yóò mọ̀ pé a kì í fi ayọ̀ gbà wọ́n. Síbẹ̀, ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí ìlú wà. Ní Yábà ni ó ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé tí wọ́n wá láti ibi gbogbo ní Nàìjíríà.

Lónìí, èwo ni kí a yàn ni àwọn dókítà ń bi ara wọn. Ní Tanzania, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gentamicin wé doxycycline, tí a ń gbé mì, lára àwọn aláìsàn 65, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wo èyí tí ó ju 90 sàn nínú 100. Èyí dára gidigidi fún abúlé tí kò ní nọ́ọ̀sì.

Oluwole di dókítà àgbà fún ìlera ìlú Èkó ní 1936. Òun náà ni ó dá ètò àyẹ̀wò ìlera àwọn ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀ níbẹ̀. Ó kú ní 1953.