Fẹlá kejì (Kì í ṣe Aníkúlápó o!)
Ọdún 1905 ni wọ́n bí Fẹlá Ṣówándé. Ọmọ àlùfáà ni. Abẹ́ Ekundayo Phillips ní kàtídírà Èkó ló ti kọ́ dùùrù, kó tó lọ Lọ́ńdọ̀nù.

Ibẹ̀ ló ti gbé African Suite jáde ní 1944. Gòjé òyìnbó àti háàpù nìkan, kò sí gángan, síbẹ̀ orin ilẹ̀ wa ni: ti Ephraim Amu ará Gánà wà níbẹ̀, orin ijó Akinla náà wà níbẹ̀. Rédíò Kánádà tiẹ̀ fi Akinla ṣe orin ètò kan!

Ó padà wálé, ó ń bá rédíò Nàìjíríà kó orin ìbílẹ̀ jọ kó má baà bá àwọn àgbà wọlẹ̀. (Orin Ẹpa tiwa l'Ọ̀sì ńkọ́? Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀?) Amẹ́ríkà ló kú sí ní 1987.